Kíkọ “ẹ̀bùn” sórí fọ́ọ̀mù kò ní kí wọ́n má gba owó ibodè

Ìmọ̀ràn kan wà tí ẹni tó bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sókè òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbọ́ dandan kó tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́: “Ṣáà ti kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù aṣọ́bodè pé ẹ̀bùn ni, kí o sì dín iye owó rẹ̀ kù. Wọn ò ní gba owó kankan lọ́wọ́ ẹni tó máa gbà á.” Ẹbí ń sọ ọ́ fún ẹbí, ọ̀rẹ́ ń sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́, àwọn tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pàápàá ń fi í fọkàn oníbàárà wọn balẹ̀.

Kì í ṣe òótọ́. Mi ò sọ pé èrò burúkú ló wà lọ́kàn àwọn tó ń sọ ọ́ o; ọ̀pọ̀ wọn ti ṣe é rí, ẹrù wọn sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ “ẹ̀bùn” ló mú un wọlé. Ohun mìíràn ló mú un wọlé, ohun náà sì ti ń tán nílẹ̀ káàkiri ayé.

Ohun náà ni àyè tí ìjọba fi sílẹ̀ fún ẹrù tí owó rẹ̀ kéré. Tí iye tí wọ́n máa rí gbà lórí ẹrù kan kò bá tó wàhálà àti owó tí wọ́n máa ná kí wọ́n tó rí i gbà, wọ́n á jẹ́ kó kọjá. Ì báà jẹ́ ẹ̀bùn, ì báà jẹ́ ọjà títà, kò kàn wọ́n. Tẹ́lẹ̀, ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè European Union, ẹrù tí kò bá ju yúrò 22 lọ kì í san owó orí ọjà tí wọ́n ń pè ní VAT. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ pọ́n-ùn 15. Amẹ́ríkà ló lawọ́ jù nínú wọn: ní 2016, wọ́n gbé tiwọn kúrò ní dọ́là 200 bọ́ sí 800. Ẹni tó bá fi ẹrù olówó dọ́là 300 ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà nígbà yẹn, tó kọ dọ́là 20 sí i, tó sì pè é ní ẹ̀bùn, á máa rò pé ọgbọ́n tóun dá ló ṣiṣẹ́. Ká ní ó kọ “ọjà títà” sí i, tó sì kọ dọ́là 300 gan-an, bákan náà ni ì bá wọlé láìsan owó ibodè.

Ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn ti ń tì níkọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ 1, oṣù Keje, 2018, Ọsirélíà ti ń gba owó orí lórí ọjà tí owó rẹ̀ kò ju 1,000 dọ́là wọn lọ, ọwọ́ ilé iṣẹ́ tó tajà ni wọ́n sì ti ń gbà á. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fagi lé pọ́n-ùn 15 ní ọjọ́ 1, oṣù Kínní, 2021. European Union fagi lé yúrò 22 ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún yẹn kan náà. Láti ìgbà náà, orí yúrò àkọ́kọ́ ni VAT ti ń bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà dá ti dọ́là 800 dúró fún ẹrù láti gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹjọ, 2025. Òfin tó gbé ìmọ̀ràn yẹn ró ti lọ, ìmọ̀ràn ṣì ń lọ láti ẹnu dé ẹnu.

Ṣé kò wá sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀bùn lójú òfin ni? Ó wà dáadáa. Àmọ́ òfin ló ń sọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀bùn, kì í ṣe ẹni tó di ẹrù. Ní European Union, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé èèyàn lásán ló fi ránṣẹ́ sí èèyàn lásán, láìjẹ́ pé ẹni tó gbà á san ohunkóhun fún un lọ́nàkọnà. Kó jẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Kó jẹ́ ohun tí ẹni náà tàbí ìdílé rẹ̀ fẹ́ lò. Kí iye rẹ̀ má sì ju yúrò 45 lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í sí pọ́n-ùn 39, wọ́n sì sọ pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ nítorí ọjọ́ ìbí tàbí ayẹyẹ mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, dọ́là 100 ni fún ẹnì kan lóòjọ́. Ẹ wo bí iye wọ̀nyí ti kéré tó. Bàtà aláwọ kan ṣoṣo lè kọjá gbogbo wọn.

Tó bá sì kọjá ńkọ́? Ibí yìí ló ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ fi ẹ̀wù òtútù olówó yúrò 60 ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Jámánì. Wọn ò ní yọ 45 kúrò kí wọ́n wá gba owó orí lórí 15 tó kù. Orí 60 lódindi ni wọ́n máa gbà á, torí pé wọn kì í gé ọjà kan ṣoṣo sí méjì. Àmọ́ tó bá jẹ́ ohun méjì ló wà nínú ẹrù, ọ̀kan yúrò 40, èkejì yúrò 30, èyí tó jẹ́ 40 lè kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, èkejì nìkan ni wọ́n máa gbowó lé. Ìdí pàtàkì kan nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ kọ gbogbo ohun tó wà nínú páálí lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye owó tirẹ̀. Ẹni tó kọ “oríṣiríṣi ẹ̀bùn, yúrò 70” ti fọwọ́ ara rẹ̀ da àǹfààní yẹn nù.

Ohun kan tún wà tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Tí ẹ bá ra nǹkan ní ilé ìtajà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ tààrà sí àbúrò yín lókè òkun fún ọjọ́ ìbí rẹ̀, lọ́kàn yín ẹ̀bùn ni, ẹ̀bùn tòótọ́ sì ni láàárín ẹ̀yin méjèèjì. Lójú òfin European Union, kì í ṣe ẹ̀bùn, torí pé ilé iṣẹ́ ló fi ránṣẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé ẹ ń tajà, tí oníbàárà ní kí ẹ bá òun kọ “ẹ̀bùn” sí i, ẹ má gbà. Orúkọ yín àti ìfọwọ́sí yín ló wà lórí fọ́ọ̀mù, kì í ṣe tirẹ̀.

Fọ́ọ̀mù náà ńkọ́? Oríṣi méjì ni. CN22 ni èyí tó kéré, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ẹrù tó fúyẹ́. CN23 ló tóbi, òun ni wọ́n ń ki sínú àpò ọ̀rá tó mọ́ gaara lára páálí. Àjọ UPU, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ gbogbo ayé tí wọ́n dá sílẹ̀ nílùú Bern ní 1874, ló ṣètò méjèèjì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi jọra níbi gbogbo. Lórí méjèèjì, ẹ máa rí àpótí kéékèèké tí ẹ máa fàmì sí: ẹ̀bùn, ìwé, ọjà títà, àpẹẹrẹ ọjà, ohun tí wọ́n ń dá padà, àti òmíràn. Ohun tí àpótí yẹn ń sọ kò ju ìdí tí ẹrù fi ń rìnrìn àjò lọ. Kì í ṣe òun ló ń pinnu owó. Aṣọ́bodè orílẹ̀-èdè tí ẹrù ń lọ ló ń pinnu, ohun tó sì ń wò ni irú ọjà tó wà nínú rẹ̀, iye rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ṣe é, àti ẹni tó fi ránṣẹ́ sí ta ni.

Nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù ni ọ̀rọ̀ wíwúwo kan wà tí àwọn èèyàn kì í kà. Ẹni tó buwọ́ lù ú ń jẹ́rìí pé òótọ́ ni gbogbo ohun tí òun kọ, àti pé kò sí ohun eléwu tàbí ohun tí òfin kà léèwọ̀ nínú ẹrù náà. Ẹ̀rí ni ẹ ń jẹ́ níbẹ̀, níwájú ìjọba orílẹ̀-èdè méjì.

Ká wá sórí dídín iye owó kù, torí òun ló ń ṣe èèyàn ní jàǹbá jù. Àwọn kan máa ń ní, “Ẹ̀bùn ni, ẹni tó gbà á ò sanwó, nítorí náà òfo ni iye rẹ̀.” Kò rí bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n ń béèrè ni iye tí nǹkan náà jẹ́ lọ́jà, yálà ẹnì kan sanwó tàbí kò san. Aṣọ tí wọ́n ti wọ̀ rí náà ní iye tirẹ̀, iye tó tó lónìí ni kí ẹ kọ, kì í ṣe iye tí ẹ rà á nígbà tó jẹ́ tuntun. Tí iye tí ẹ kọ kò bá bá ohun tí wọ́n rí mu, aṣọ́bodè lè dá ẹrù náà dúró kó ní kí ẹni tó fẹ́ gbà á mú rìsíìtì wá. Ó lè fi iye tí òun rò pé ó tọ́ ṣírò owó. Ó sì lè gba ẹrù náà pátápátá. Ìyà náà kì í sábà jẹ ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù. Ẹni tí ẹ fẹ́ múnú rẹ̀ dùn ló máa ń jẹ.

Ẹ tún wò ó láti ibòmíràn. Ẹnì kan fi aago ọwọ́ olówó dọ́là 180 ránṣẹ́, ó kọ dọ́là 10. Aago náà kò dé. Ó wá lọ béèrè owó gbà-má-bínú lọ́dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé síwájú rẹ̀ ni fọ́ọ̀mù tó buwọ́ lù: dọ́là 10. Kí ló fẹ́ sọ? Tó bá ní 180 ni, ó ti jẹ́wọ́ pé ohun tí òun fọwọ́ sí kì í ṣe òótọ́. Owó ibodè tó fẹ́ dọ́gbọ́n yẹ̀ kò tó ohun tó pàdánù.

Àwọn tó ní “wọn kì í kúkú ka ìwé yẹn” ń sọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́. Láti 2021, ohun tí ẹ kọ kì í dúró sórí bébà nìkan. Òṣìṣẹ́ káńtà ń tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, tàbí kí ẹ̀yin fúnra yín tẹ̀ ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè ọ̀hún kí ẹrù náà tó dé. Òfin tí Amẹ́ríkà ṣe ní 2018 ń béèrè fún un. European Union bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, 2021. Tí àlàyé tí ẹ kọ kò bá nítumọ̀ tó, ẹ̀rọ lè kọ̀ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fojú kan páálí yín. European Union tiẹ̀ gbé àkójọ ọ̀rọ̀ jáde, àwọn ọ̀rọ̀ tó gbòòrò jù tí kò lè dá dúró gẹ́gẹ́ bí àlàyé ọjà.

Báwo ló ṣe yẹ kí ìlà kan rí lórí fọ́ọ̀mù nígbà náà? Ẹ má kọ “aṣọ”. Ẹ kọ “ṣẹ́ẹ̀tì olówùú tí kò ní kọ́là, ti ọkùnrin, tuntun, 3”, kí ẹ kọ ìwọ̀n rẹ̀, iye rẹ̀ àti irú owó tó jẹ́, lẹ́yìn náà nọ́ńbà HS tó ń sọ irú ọjà tó jẹ́, tí í ṣe 6109.10. Àjọ WCO, ìyẹn àjọ àwọn aṣọ́bodè àgbáyé tó wà nílùú Brussels, ló ń bójú tó nọ́ńbà wọ̀nyí, nọ́ńbà mẹ́fà àkọ́kọ́ kò sì yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Ìwé kíkà sábà máa ń bọ́ sábẹ́ 4901.99, bàtà aláwọ sí 6403. Èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, tàbí èdè tí wọ́n ń sọ níbi tí ẹrù ń lọ ni kí ẹ fi kọ ọ́.

Orílẹ̀-èdè tí ọjà ti wá, ibi tí wọ́n ti ṣe é ni, kì í ṣe ibi tí ẹ ti fi í ránṣẹ́. Àṣìṣe yìí pọ̀ gan-an, ó sì lè gbówó lórí, torí pé ibi tí wọ́n ti ṣe ọjà lè yí iye owó ibodè padà. Tí ara ṣẹ́ẹ̀tì bá sọ pé Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é, Ṣáínà ni kí ẹ kọ.

Tí ẹ̀bùn tòótọ́ bá wà fún èèyàn mẹ́ta nínú páálí kan, ẹ wé ti oníkálukú lọ́tọ̀, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kí ẹ sì to ọ̀kọ̀ọ̀kan sórí fọ́ọ̀mù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì máa ń ka àyè pọ́n-ùn 39 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn tí ẹ bá ṣe é báyìí. Èyí bófin mu, kò sì gba irọ́ kankan.

Ẹ sọ fún ẹni tó máa gbà á ṣáájú pé ó ṣeé ṣe kó sanwó, kí ẹ sì ṣàlàyé pé owó iṣẹ́ tí ilé ìfìwéránṣẹ́ ibẹ̀ ń gbà yàtọ̀ sí owó orí. Òun ló máa ń bí àwọn èèyàn nínú jù, torí pé nígbà míì ó máa ń ju owó orí náà lọ. CN23 tún lè béèrè ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe tí ẹni náà bá kọ̀ ọ́: kí wọ́n dá a padà, tàbí kí wọ́n kà á sí ohun tí ẹ ti fi sílẹ̀. Ẹ má fo ibẹ̀, torí pé dídá ẹrù padà lè ná yín lówó.

Tí wọ́n bá sì gbowó lórí ẹ̀bùn tí kò yẹ kí wọ́n gbowó lé, ẹni tó san án lè béèrè fún un padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fọ́ọ̀mù BOR286 ni wọ́n ń lò fún ẹrù tó gba ilé ìfìwéránṣẹ́ wọlé. Ohun tí wọ́n máa wò ni ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ara páálí àti ìwé owó tí wọ́n ní kó san, nítorí náà, kó má ju páálí náà nù títí ọ̀rọ̀ á fi yanjú.