Ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí àgbèrè

Inú ń bí mi gan-an sí bí àwọn èèyàn ṣe ń fi ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tú ilé ara wọn ká. Ìléròrò olómi wẹ́wẹ́ sú sí ọkọ létí ètè, ìyàwó ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, èsì jáde pé ó ní HSV-1, ìyẹn kòkòrò herpes tó sábà ń fa egbò ètè, ó wá di "níbo lo ti lọ kó o?" Bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹbí kan tó fẹnu kò ó lẹ́nu nígbà tó wà ní kékeré ló kó o ràn án.

Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé àwọn tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún tí wọ́n ní HSV-1 lára tó bílíọ̀nù 3.8, ìyẹn ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti kékeré ni ọ̀pọ̀ ti kó o, púpọ̀ nínú wọn ò sì mọ̀. Kòkòrò náà kì í kúrò lára mọ́. Ìdí iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára ojú lọ sí ọpọlọ ló ń sá pamọ́ sí, títí ibà, oòrùn tó mú, àárẹ̀ tàbí nǹkan oṣù yóò fi jí i. Ó lè sùn síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé tí ẹ gbé dání yẹn. Ibi tí wọ́n kọ IgM sí, ìyẹn irú kan nínú àwọn sójà tí ara ń dá sílẹ̀ láti bá kòkòrò jà, ẹ má tiẹ̀ wò ó. Àwọn kan ní òun ló ń fi hàn pé àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kì í mọ ìyàtọ̀ HSV-1 àti HSV-2, herpes kejì tó sábà máa ń mú ojú ara, dáadáa, ó lè tún jáde tí egbò àtijọ́ bá padà sú, ó sì lè sọ pé ẹni tí kò ní nǹkan kan ní i. Mi ò mọ ìdí tí àwọn ilé àyẹ̀wò kan ṣì fi ń gbowó lé e. IgG, irú sójà mìíràn, sàn jù ú lọ, àmọ́ ohun tí òun náà ń sọ kò ju pé ara yín ti bá kòkòrò náà pàdé rí, ó sì ti dá sójà sílẹ̀ fún un. Kò sọ ọjọ́, kò sọ ẹni, kò sọ bóyá ẹnu ni tàbí ojú ara. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lè ṣe é ní ọ̀sẹ̀ kejì kó má rí nǹkan kan, torí ó lè gba ọ̀sẹ̀ 12 kí sójà yẹn tó pọ̀ débi tí àyẹ̀wò á rí i. Àyẹ̀wò IgG ti HSV-1 gan-an tún máa ń fo àwọn kan tó ní i.

Egbò fúnra rẹ̀ ni kí wọ́n yẹ̀ wò. Kó tó gbẹ, pàápàá láàárín wákàtí 48 àkọ́kọ́, kí wọ́n tú ìléròrò náà, kí wọ́n fi òwú orí igi fa ìdí egbò náà dáadáa, kí wọ́n sì fi ṣe PCR, àyẹ̀wò tó ń wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá dúró dìgbà tó di èépá, èsì lè sọ pé kò sí nígbà tó wà. Ẹ kọ́kọ́ wò ó ná, ṣé herpes tiẹ̀ ni? Egbò kan ṣoṣo tó funfun, tí etí rẹ̀ pọ́n, tó wà nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí lábẹ́ ahọ́n, egbò ẹnu lásán tí kì í ranni ló sábà máa ń jẹ́. Etí ètè ni ti herpes máa ń ṣù jọ sí.

Ní ti ẹnìkejì yín, gbàrà tí ètè bá ti ń yún tàbí tó ń ta, kó tó sú rárá, ni kí ẹ ti dá ìfẹnukonu dúró, àti fífi ẹnu kan ojú ara, títí èépá yóò fi ré tí awọ tuntun yóò fi bo ibẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ 7 sí 10. Ibi fífi ẹnu kan ojú ara yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kó HSV-1 sí ojú ara. Kọ́ńdọ̀mù ń dín ewu rẹ̀ kù, àmọ́ kì í bo gbogbo ibi. Ẹ má fi ọwọ́ tó kan egbò nu ojú, ó lè ba ẹyinjú jẹ́. Oògùn tó wà fún un ni valacyclovir: 2 g nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yún, 2 g mìíràn lẹ́yìn wákàtí 12, ó tán. Dókítà ni kó kọ ọ́, torí ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa kì í lo iye yẹn. Ó ń dín ọjọ́ egbò kù ni, kì í lé kòkòrò lọ. Tí ẹ̀yin méjèèjì bá ti ní HSV-1 tipẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọmọ tuntun ni kí ẹ bẹ̀rù fún. Ẹni tí egbò yìí wà lẹ́nu rẹ̀ kò gbọdọ̀ fẹnu kan ìkókó, torí ó lè pa á.

Èyí tó ṣòro fún mi ni ìgbà tí kò sí egbò. Kòkòrò náà máa ń jáde sí itọ́ àti ètè nígbà mìíràn láìsí àmì kankan. Ó dá mi lójú pé ẹni tí ètè rẹ̀ máa ń sú gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ kó tó fi ẹnu kan ojú ara rẹ̀. Àmọ́ ẹni tó sú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn ńkọ́? Ṣé dandan ni kó sọ kó tó fẹnu ko èèyàn lẹ́nu, nígbà tí ẹni tó fẹ́ sọ fún gan-an lè ní i láìmọ̀? Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò tíì rí ìdáhùn tó tẹ́ mi lọ́rùn.