Àwọn Luddite kò kórìíra ẹ̀rọ

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri pé òpè ni àwọn Luddite (àwọn òṣìṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́), pé ẹ̀rù ọ̀làjú ló bà wọ́n tí wọ́n fi ń fọ́ ẹ̀rọ. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Oníṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n, ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ẹ̀rọ ìhun-ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n fọ́ ní agbègbè Nottingham ní 1811 ti wà láyé tipẹ́. William Lee ló ṣe é ní 1589. Ohun tó bí wọn nínú ni àwọn ọ̀gá tó ń fi í ṣe ọjà gbàrọgùdù, tí wọ́n ń gé owó iṣẹ́, tí wọ́n sì ń gba ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ parí síṣẹ́. Ẹ̀rọ irú àwọn ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dójú sọ. (Ní Yorkshire, ẹ̀rọ tuntun tó ń rẹ́ aṣọ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn lóòótọ́.)

Oúnjẹ wọ́n gógó nígbà náà, ogun Napoleon ń lọ lọ́wọ́. Síbẹ̀, òfin ikú ni ìjọba fi dá wọn lóhùn ní 1812. Ní oṣù kìíní 1813, wọ́n yẹgi fún ènìyàn 17 ní York.

Ẹni tó bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kó wá Hansard (àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) ti ọjọ́ 27, oṣù kejì, 1812 lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lord Byron, akéwì tó tún jẹ́ aṣòfin, sọ̀rọ̀ níbẹ̀ nípa ìyà àwọn òṣìṣẹ́ náà àti ọjà tí kò dára tí wọ́n ń pè ní “iṣẹ́ aláǹtakùn”.