Ẹ jẹ́ kí ayàwòrán tánńganran yí iṣẹ́ àwọn bàbá rẹ̀ padà

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú tí mo bá gbọ́ ọ. Ọ̀dọ́ kan á jókòó ní Jingdezhen, ìlú tánńganran ní ìpínlẹ̀ Jiangxi lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, á máa fi búrọ́ọ̀ṣì ya ológbò tàbí ọmọbìnrin tó gbé fóònù dání sára àwo. Làwọn kan á bá ní èyí kì í ṣe àṣà mọ́, pé wọ́n ti ba iṣẹ́ àwọn baba ńlá wọn jẹ́. Lójú tèmi, ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí iṣẹ́ yẹn ti ṣẹ̀ wá.

Àwo funfun tí wọ́n fi búlúù ya òdòdó àti dírágónì sí, tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ Ṣáínà, ohun àlejò wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láti ilẹ̀ Páṣíà ni wọ́n ti ń kó cobalt tó ń mú búlúù yẹn jáde wá ní ọ̀rúndún 14. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ lọ sí yàrá 95 ní British Museum, ọ̀fẹ́ ni. Ìkòkò gíga méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní David Vases, tí ọwọ́ ìdìmú wọn rí bí orí erin. Ó wà ní kíkọ sí wọn lọ́rùn pé ọdún 1351 ni ẹnì kan tó ń jẹ́ Zhang Wenjin fi wọ́n ta tẹ́ńpìlì lọ́rẹ nítorí àlàáfíà ìdílé rẹ̀. Nígbà yẹn, nǹkan tuntun ni irú àwo bẹ́ẹ̀. Pínńkì tí wọ́n tún ń pè ní àṣà lónìí, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 18 ló wọlé, lẹ́yìn tí àwọn àlùfáà láti Yúróòpù ti dé ààfin ọba pẹ̀lú ìmọ̀ àwọ̀ tiwọn. Èwo wá ni àṣà tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn?

Wang Bu, ayàwòrán tánńganran ní Jingdezhen, ni mo máa ń tọ́ka sí. Ọdún 1898 ni wọ́n bí i, ó kú ní 1968, ọba aláwọ̀ búlúù sì ni wọ́n ń pè é. Láti kékeré ló ti wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá. Nígbà tó yá, oníṣòwò kan gbà á pé kó máa ya àdàkọ àwọn àwo ayé àtijọ́, ó sì ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹlòmíì lè fojú kékeré wo àdàkọ. Èmi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ rẹ̀ ti jinlẹ̀ sínú iṣẹ́.

Ohun tó wá yí padà kò kéré, àmọ́ ó dìgbà tí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ń ya á kó tó yé yín. Amọ̀ tí wọn ò tíì sun ni wọ́n ń ya nǹkan sí. Ó ti gbẹ, ó funfun, ó sì ń fa omi bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Wọ́n á kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín fa ìlà etí ewé. Wọ́n á wá mú òmíràn, tí ikùn rẹ̀ tóbi tí ẹnu rẹ̀ sì ṣóńṣó, wọ́n á rì í bọ cobalt tí wọ́n ti fi omi là, wọ́n á jẹ́ kí omi náà rọ̀ sáàárín ìlà, wọ́n á sì máa fi ẹnu búrọ́ọ̀ṣì darí rẹ̀ kiri. Irun búrọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ ha amọ̀. Tí ọwọ́ bá pẹ́ díẹ̀ jù lójú kan, ibẹ̀ á ṣú. Tó bá yára jù, á ṣá. Kò sí pé à ń pa á rẹ́. Èyí tó tún le jù ni pé bí eérú tó ṣú ni cobalt ṣe rí lójú ayàwòrán ní gbogbo àsìkò yẹn. Ìgbà tí wọ́n bá fi omi tó ń di gíláàsì bò ó, tí wọ́n sì sun ún nínú iléru ní nǹkan bí 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ni búlúù tó yọjú.

Wang Bu tú omi yẹn sílẹ̀ kúrò nínú àhámọ́ ìlà. Ó ń fi í ya ewé òṣíbàtà àti ẹyẹ bí àwọn ayàwòrán Ṣáínà ṣe ń fi yíǹkì ya nǹkan sórí bébà, tí ṣíṣú omi àti líla rẹ̀ fúnra wọn fi di ewé. Ẹni tí kò tíì fi ọ̀pọ̀ ọdún darí omi láàárín ìlà kò lè dán an wò. Ìyípadà tí mò ń gbèjà rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà tún ń jẹ mí lọ́kàn. Àlùfáà Faransé kan, d'Entrecolles, kọ lẹ́tà nípa Jingdezhen ní 1712. Ó ní iṣẹ́ ẹnì kan kò ju kó fa ìlà àwọ̀ yí àwo ká lábẹ́ etí lọ. Ẹlòmíì á fa ìlà òdòdó, ẹlòmíì á kùn ún. Wọ́n sọ fún un pé àwo kan ṣoṣo ń gba ọwọ́ 70 èèyàn kọjá. Lára ti ààfin, orúkọ ọba ló ń wà nídìí àwo, ti ayàwòrán kò sí. Ìgbà tí ìjọba ọba wó lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ 1911 ni nǹkan yí. Ní 1928, ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Wang Qi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Jingdezhen, wọ́n á máa pàdé tí òṣùpá bá ti kún. Ọ̀rẹ́ Mẹ́jọ ti Zhushan, ìyẹn òkè kan nínú ìlú náà, ni wọ́n ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ju mẹ́jọ lọ, wọ́n sì ń kọ orúkọ ara wọn sára iṣẹ́. Síbẹ̀, ní 2010, nígbà tí Ai Weiwei, gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà ará Ṣáínà, kó èso sunflower mílíọ̀nù 100 tí wọ́n fi tánńganran ṣe sí Tate Modern, ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà ní London, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Jingdezhen tó lé ní 1,600 ló ṣe wọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà, àmọ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo layé mọ̀.

Tí ẹ bá ń wá ohun tó ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́, bébà àlẹ̀mọ́ ni. Ọ̀pọ̀ òdòdó tó wà lára àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù àwọn ìyá wa, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwo. Ẹ mú méjì nínú sẹ́ẹ̀tì kan náà: tí ewé méjèèjì bá tẹ̀ síbì kan náà, tí ìlà wọn ò yàtọ̀ rárá, àlẹ̀mọ́ ni. Mi ò bá ẹni tó rà á jà, oúnjẹ la fẹ́ fi jẹ. Ẹni tó ń tà á lówó iṣẹ́ ọwọ́, tó ń búra pé wọ́n fọwọ́ yà á ni, olè ni mo pè é.

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣí láti ìpínlẹ̀ míì lọ kọ́ṣẹ́ ní Jingdezhen báyìí, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún wọn: ṣé ẹ lè darí omi? Ẹni tó bá lè darí rẹ̀, kó ya ohunkóhun tó bá wù ú, kó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sídìí àwo.