Etí tútù kọ́ la fi ń mọ̀ pé òtútù ń mú ẹṣin
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní bí etí ẹṣin tí a gé irun rẹ̀ bá ti tutù, aṣọ ìbora tó nípọn gan-an, oní 400 giráàmù (ìwọ̀n ohun tí wọ́n kì sínú rẹ̀ ní mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan), ni kó máa wọ̀ ní gbogbo ìgbà òtútù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Etí àti ẹsẹ̀ lè tutù kí ara sì móoru dáadáa. Ẹ ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ náà, lẹ́yìn èjìká: bí òógùn bá wà níbẹ̀, aṣọ ti pọ̀ jù, bó bá tutù, ẹ fi kún un. Èyí tí a gé irun ọrùn àti ikùn rẹ̀ nìkan kò nílò aṣọ tó èyí tí a fá tán pátápátá. Koríko gbígbẹ ńkọ́? Bó ṣe ń dà nínú ìfun ni ara ẹṣin ń gbóná. Ẹ fún un sí i kí ẹ tó wá aṣọ kejì.