Èsì wa fún oníbàárà tó ní tẹlifíṣọ̀n 32 òun ṣókùnkùn

Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ ní tẹlifíṣọ̀n 32 íǹṣì tí ẹ rà ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Pánṣẹ́kẹ́, Abẹ́òkúta, ṣì ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kò fi àwòrán hàn mọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, àti pé síkúrùù pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti àlòkù. Ìràwọ̀ 2 lẹ fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Oṣù mẹ́rin ti kéré jù.

Ẹ pa iná yàrá, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n náà, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí gíláàsì rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, kó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Bí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, gíláàsì kò ṣe nǹkan kan, iná ẹ̀yìn rẹ̀ ló kú. Ńṣe ni wọ́n so àwọn LED ibẹ̀, ìyẹn àwọn iná tíntìntín tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí àwòrán, kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀: ọ̀kan já, gbogbo wọn kú. Ooru ló sábà ń já wọn, nítorí iná tí wọ́n ń fún wọn láti ilé-iṣẹ́ máa ń pọ̀ jù kí àwòrán lè mọ́lẹ̀ yòò lórí àtẹ. Àwa ló yẹ ká ti dín in kù ká tó tà á fún yín.

Ẹ gbé e wá, a ò ní gba kọ́bọ̀. Gbogbo ọ̀pá tí wọ́n to LED sí la ó pààrọ̀, kì í ṣe èyí tó jó nìkan, torí àwọn tó kù náà ti rẹ̀. Lẹ́yìn náà, rísísítọ̀ tó ń díwọ̀n iná LED lórí bọ́ọ̀dù: bó bá jẹ́ òòmù 1 (òòmù ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe ń dènà iná tó), a ó fi 1.5 rọ́pò rẹ̀. Iná tó ń gba inú LED kọjá á wá ku ìdá méjì nínú mẹ́ta. Nínú pálọ̀, ojú kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Bí a bá rí kapásítọ̀ (agolo kékeré tó ń tọ́jú iná) tó wú lórí bọ́ọ̀dù páwà, èyí tí wọ́n kọ 105°C, ìyẹn ooru tó lè fara dà, sí lára la ó fi sí i, kì í ṣe 85°C.

Ti síkúrùù ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n, òun gan-an ló jẹ́ ká yan irú tẹlifíṣọ̀n yìí. Èyí tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ yíká, ooru lèèyàn máa fi ṣí i. Gíláàsì tí kò nípọn rárá ni, àwọn ríbọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gbé àwòrán wọlé sì wà létí rẹ̀. Bí ọ̀kan bá ya, ilà á gba ojú àwòrán já, kò sì sẹ́ni tó máa fi áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ òjé lẹ̀ ẹ́ padà. LED kékeré kan ló máa sọ odindi tẹlifíṣọ̀n di pàǹtí bẹ́ẹ̀. Ti yín, sukurudíráfà kan ló ṣí gbogbo rẹ̀: ike lọ́tọ̀, irin lọ́tọ̀, gíláàsì lọ́tọ̀. Ẹ wo inú ìdérí ẹ̀yìn nígbà tí a bá ṣí i lójú yín, ẹ ó rí ABS, orúkọ irú ike náà, láàárín àmì méjì tó rí bí ẹnu ọfà. Àmì yẹn ni àwọn tó ń lọ ike ń wò. Ike tí gọ́ọ̀mù àti irin ti lẹ̀ mọ́, wọn kì í fẹ́ rà á.

Ọ̀pá LED tó jó, ẹ fi sílẹ̀ fún wa. Álúmíníọ̀mù wà lára rẹ̀, a máa ń kó o jọ fún àwọn tó ń yọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sun ún.

Bí ẹ bá ń gbé e bọ̀, ẹ jẹ́ kó dúró ṣánṣán lórí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ẹ fi aṣọ tó nípọn bo ojú rẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú bùútù, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà.