Ṣé iwájú ṣọ́ọ̀bù mi lẹ sọ di títì ni?

Wọ́n tún ti tẹ̀ ẹ́! Sìmẹ́ǹtì tí bíríkìlà tẹ́ síwájú ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókèṣà, l'Ádó-Èkìtì níbí, ní ìrọ̀lẹ́ àná, ojú ẹsẹ̀ ti kún un bí ẹni pé agbo màlúù kọjá. Ìgbà kẹta rèé! Mo fi bẹ́ǹṣì dí i, wọ́n gbé e kúrò. Mo ta okùn, wọ́n fò ó. Kí ló ń lé yín? Sìmẹ́ǹtì tó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó gbó dáadáa, ẹ ò lè fún un ní alẹ́ kan péré?

Tójò bá wá dé, ẹrẹ̀ pupa dé nìyẹn. Wọ́n á rọ́ sábẹ́ páànù mi, wọ́n á dí ẹnu ọ̀nà pa, ẹni tó fẹ́ ra ọṣẹ ò ní ráyè wọlé. Ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀, kò sí oníbàárà kan níbẹ̀! "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá." Ṣé "ẹ pẹ̀lẹ́" ni màá san fún bíríkìlà? Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àńjọ̀fẹ́, àbí? Èmi ò ṣe àńjọ̀fẹ́ o, owó ṣọ́ọ̀bù ni mò ń san!

Ẹ gba ojú títì! Ó ti sú mi.