Plọ́ọ̀gì Tó Dúdú Kì Í Ṣe Plọ́ọ̀gì Tó Kú

Láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí, bí ọ̀kadà bá kọ̀ tí kò jí láàárọ̀, gbólóhùn kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo èèyàn nípa plọ́ọ̀gì, ohun kékeré tó ń ta iná sí epo nínú ẹ́ńjìnnì: "Plọ́ọ̀gì yẹn ti kú, ẹ lọ ra òmíràn." Mẹkáníìkì á sọ ọ́, ọlọ́kadà ẹgbẹ́ yín á sọ ọ́, èrò tó ń dúró kẹ́ ẹ gbé òun á dá sí i. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà ọyẹ́ kan, plọ́ọ̀gì mẹ́rin ni mo rà láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tuntun á wọlé, ọ̀kadà á dáhùn ní kíìkì àkọ́kọ́, ara á tù mí. Tó bá tó bí ọjọ́ mẹ́wàá, mo tún ti ń làágùn lórí kíìkì.

Ibi tí ìgbàgbọ́ yìí ti ń tan èèyàn jẹ nìyẹn. Tuntun máa ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ torí pé kò tíì dọ̀tí ni. Ti àná ò kú rárá.

Ẹ wo bó ṣe rí. Iná gbọ́dọ̀ fo àlàfo kékeré kan lẹ́nu plọ́ọ̀gì, nǹkan bíi 0.7 mìlímítà lára ọ̀pọ̀ ọ̀kadà. Táńganran funfun tó yí irin àárín ká ni kì í jẹ́ kí iná yà síbòmíràn. Tí èédú bá bo táńganran yẹn, èédú ń gbé iná, ọ̀nà ẹ̀bùrú sì ti là nìyẹn: iná á gba orí èédú sá wọ ara ẹ́ńjìnnì, kò ní fo àlàfo mọ́. Plọ́ọ̀gì tí ara rẹ̀ dá máa ń jó èédú ara rẹ̀ dànù, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí imú rẹ̀ bá gbóná tó bíi 450°C. Ọ̀kadà tó ń lọ láti ìdí ọjà dé iwájú ilé, tó tún dúró máa kùn láìpa á títí èrò á fi dé, kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Tí epo bá tún wá pọ̀ ju èyí tí afẹ́fẹ́ inú ẹ́ńjìnnì lè jó tán lọ, ẹ lè ra plọ́ọ̀gì lójoojúmọ́, ẹ kàn ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó ju plọ́ọ̀gì nù, ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó. Èyí tára rẹ̀ le máa ń ní àwọ̀ ẹ̀pà tí a yan. Tó bá dúdú tó sì gbẹ, tó ń kun ọwọ́ bí ìdí ìkòkò, epo ló pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ló kéré jù. Lọ́dọ̀ tiwa, fílítà, ìyẹn asẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìnnì, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣí. Eruku ilẹ̀ pupa nígbà ọyẹ́ lè dí i pa láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tó bá jẹ́ fóòmù, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ ra á, kẹ́ ẹ fún ọ́ìlì tó bá pọ̀ jù jáde. Tó bá jẹ́ bébà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ṣóòkì tó ń dín afẹ́fẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì tútù lè jí, torí ọ̀pọ̀ wa la máa ń fà á nítorí òtútù òwúrọ̀, tá a sì máa ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ dọ̀sán.

Tí dúdú náà bá ń dán, tó rí bí ohun tí wọ́n fi òróró pa, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí epo. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ríìnì (òrùka ara písítìnì) tàbí fááfù (ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà) wọlé. Ẹ da ọ́ìlì síbí kékeré kan sínú ihò plọ́ọ̀gì, ẹ dá plọ́ọ̀gì padà, kẹ́ ẹ tẹ kíìkì. Bí kíìkì bá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ríìnì ti jẹ. Bí kò bá yàtọ̀, ẹ wo fááfù. Ó máa ń dùn mí nígbà tí mo bá rí àwọn tó yọ fílítà dànù pátápátá "kí ẹ́ńjìnnì lè mí." Eruku tó ń wọlé yẹn dà bíi sáńpépà lára ríìnì àti sílíńdà, òun ló sì ń bí plọ́ọ̀gì ọlọ́ìlì yìí lẹ́yìn ọ̀la.

Èyí tí epo rin, tó ń rùn epo, kò ṣòro yanjú: ẹ ti tápù epo, ẹ ṣí ṣóòkì, ẹ lọ́ ọwọ́ epo dé òpin, ẹ tẹ kíìkì nígbà mélòó kan kí afẹ́fẹ́ gbá epo inú rẹ̀ jáde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi plọ́ọ̀gì sínú iná epo. Iná epo fúnra rẹ̀ ń ta èédú. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha táńganran rẹ̀, irin tó bá kù lára rẹ̀ á máa gbé iná bí èédú ṣe ń gbé e. Ẹ má sì gbà pé ó dára kìkì torí pé iná ta nígbà tẹ́ ẹ fi kan ara ẹ́ńjìnnì níta. Nínú sílíńdà, písítìnì ti ki afẹ́fẹ́ mọ́ra, iná sì nílò agbára tó pọ̀ jùyẹn kó tó lè fo. Nọ́ńbà ara plọ́ọ̀gì náà kì í ṣe ìwọ̀n agbára iná. Bó ṣe ń tètè tú ooru dànù ló ń sọ: lára plọ́ọ̀gì tí ilé iṣẹ́ NGK ṣe, nọ́ńbà tó ga ló tutù jù, lára ti Bosch, òun ló gbóná jù. Èyí tí ìwé ọ̀kadà yín bá kọ ni kẹ́ ẹ rà.

Ọjọ́ tí mo fọ fílítà mi níkẹyìn, omi pupa tó jáde lára rẹ̀ kún ìdajì korobá. Mo lọ wá plọ́ọ̀gì kejì tí mo ti jù sísàlẹ̀ àpótí sípánà, mo nù ún, mo dá a padà sẹ́nu ẹ́ńjìnnì. Ó jí ní kíìkì kejì. Òun ni mo gùn dé ìgbà òjò.